Adìẹ Funfun Kò Mọ Ara Rẹ̀ Lágbà: Ìtàn Àwọ̀ Ìyẹ́ Adìẹ Ilé Wa

 

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Bí a bá gbọ́ òwe yìí, ènìyàn la máa ń rò pé ó ń bá wí: ẹni tó ní iyì, tí kò mọ̀ pé òun ní in. Lónìí mo fẹ́ ká dá òwe náà padà fún ẹni tó ni ín, ìyẹn adìẹ fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń ná owó gidi báyìí lórí adìẹ ọ̀ṣọ́ tí ìran rẹ̀ wá láti òkèèrè: èyí tí ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ rí bí òwú, èyí tó kéré bí ẹyẹlé. N kò bá wọn jà. Ohun tó bá dára, ojú á fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú àgbàlá ìyá wọn, adìẹ aláwọ̀ eérú kan wà, tàbí onílà kan, tàbí ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kan, tí a pa jẹ lọ́jọ́ ọdún láì bèèrè pé mélòó ló kù nínú irú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìtàn yìí fi yé wa kò pọ̀. Àwọ̀ ìyẹ́ adìẹ ilé wa kì í ṣe èèṣì. Àwọn ìyá wa ló fi ojú yàn án, láti ìran dé ìran. Ohun tí ènìyàn bá sì fi yíyàn pa mọ́, bí yíyàn bá dáwọ́ dúró, ohun náà yóò lọ.

Ibi tí adìẹ ti wá

Adìẹ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹyẹ igbó kan ní apá gúúsù àti ìlà-oòrùn Éṣíà ni baba ńlá rẹ̀. Gallus gallus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ Látìnì kan náà, gallus, ni àwọn ará Róòmù fi ń pe àkùkọ, tí wọ́n sì tún fi ń pe ọmọ ilẹ̀ Gaule, tí àwọn Faransé kà sí baba ńlá wọn. Nínú eré ọ̀rọ̀ yẹn ni àkùkọ ti di àmì ilẹ̀ Faransé.

Ní ọdún 2020, ìwádìí kan tí wọ́n fi àbùdá ẹyẹ tó lé ní 800 ṣe fi hàn pé apá gúúsù Ṣáínà sí ìwọ̀-oòrùn, àríwá Táílàńdì àti ilẹ̀ Myanmar ni ìran ẹyẹ igbó tó bí adìẹ ilé ń gbé. Ní ọdún 2022, àwọn awalẹ̀pìtàn kéde pé egungun adìẹ ilé tó dájú jù lọ tí wọ́n tíì rí wá láti Ban Non Wat ní Táílàńdì, ó sì ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1650 sí 1250 kí a tó bí Jésù.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọ̀ ẹyẹ igbó náà. Ọrùn àkùkọ rẹ̀ pupa bí iná tó ń jó nínú wúrà. Àyà rẹ̀ dúdú, ìrù rẹ̀ dúdú tó ń kọ mànà bí aṣọ aró tuntun. Abo rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, àwọ̀ ewé gbígbẹ ló ní, nítorí ilẹ̀ ló ń sàba lé ẹyin rẹ̀ sí, ohun tí ojú ọ̀tá kò bá rí ni yóò pẹ́. Bí ọmọ funfun bá ṣèèṣì yọ nínú igbó, ẹyẹ apẹranjẹ á ti gbé e lọ kí ó tó yé ẹyin kan. Nítorí náà, funfun, eérú, onílà, alámì tó-tò-tó bí ẹtù, gbogbo àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti igbó, ọwọ́ ènìyàn ló dáàbò bò wọ́n. Níbi tí àwọ̀ bá ti pọ̀ nínú agbo adìẹ, ènìyàn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó sì ń wo adìẹ rẹ̀.

Ọ̀nà tí adìẹ gbà dé ọ̀dọ̀ wa gùn. Ní Jenné-jeno, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Màlì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun adìẹ tó ti wà níbẹ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọdún kìíní lẹ́yìn ìbí Jésù tó parí. Ní Ilé-Ifẹ̀, ìtàn ìṣẹ̀dá sọ pé adìẹ oníka márùn-ún ló tan ilẹ̀ ká lórí omi. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé àsọdùn ni ìka márùn-ún yẹn. Ẹ wo ẹsẹ̀ adìẹ ilé yín: mẹ́rin ni ìka rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ adìẹ láyé. Ṣùgbọ́n oníka márùn-ún wà ní tòótọ́. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì máa ń yọ láàárín adìẹ ìbílẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ti wo ẹsẹ̀ adìẹ dáadáa, ó sì mọ èyí tó yàtọ̀.

Ní ìlú Bìní, àwọn arọ́dẹ fi idẹ rọ àkùkọ fún ojúbọ àwọn Ìyá Ọba. Wọ́n ya ìyẹ́ rẹ̀ ní ìpele-ìpele, èyí tó wà lọ́rùn kò jọ ti apá, èyí tó wà ní apá kò jọ ti ìrù. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó wọn lọ ní ọdún 1897. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sí Jesus College ní Cambridge títí di oṣù kẹwàá ọdún 2021, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà dá a padà fún Nàìjíríà. Àkùkọ idẹ ti padà sílé. Àkùkọ ẹlẹ́mìí tó wà nílé ńkọ́?

Àwọn ìyá wa ló yàn

Kò sí ilé-ìwé tó kọ́ ìyá àgbà ní abúlé bí a ti ń yan adìẹ. Síbẹ̀ ó ń yàn. Bí òròmọdìẹ mẹ́wàá bá dàgbà, èwo ni yóò gbé lọ sí ọjà Ikpinlè? Èwo ni yóò pa fún àlejò? Èwo ni yóò fi sílẹ̀ kó máa yé? Ìdáhùn kékeré yẹn, bí a bá ń dá a lójoojúmọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, òun ló dá ìran adìẹ tí a jogún.

Àwòdì ni ìdí àkọ́kọ́ tí ìyá fi ń wo àwọ̀. Òròmọdìẹ funfun, láti ojú ọ̀run ni àwòdì ti ń rí i. Aláwọ̀ ewé gbígbẹ, bó bá ti rọra ba sínú koríko, ojú àwòdì á fò ó. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi aró tàbí ọ̀dà kun òròmọdìẹ wọn, kí àwòdì má baà dá ohun tó ń wò mọ̀.

Ìdí kejì ni ètùtù. Yálà Mùsùlùmí ni wá, yálà Kìrìsìtẹ́nì, yálà oníṣẹ̀ṣe, ìtàn ni ìtàn. Ohun funfun ni ti Ọbàtálá. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá àkùkọ funfun, tàbí agbébọ̀ dúdú, kò ní gba àwọ̀ mìíràn, kò sì ní lè bá olówó adìẹ dúnàádúrà púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń sin adìẹ kò fẹ́ kí àwọ̀ kankan parẹ́ nínú àgbàlá rẹ̀, torí kò mọ èyí tí wọn yóò wá bèèrè lọ́la. Ibi ìsìnkú pàápàá, ìyẹ́ wà níbẹ̀: adìẹ ìrànà ni wọ́n ń tu ìyẹ́ rẹ̀ sójú ọ̀nà níwájú òkú.

Ìdí kẹta kò ju kí a mọ ẹni tó ni adìẹ lọ. Bí adìẹ ogún ilé bá jọ ń jẹ̀ lábẹ́ igi kan, àwọ̀ ni orúkọ. Agbébọ̀ tó jọ ti gbogbo ènìyàn kì í pẹ́ kó tó dìjà. Èyí tí ọrùn rẹ̀ pupa tí ìdí rẹ̀ dúdú, kò sẹ́ni tó lè pe tẹlòmíràn ní tirẹ̀.

Wọn kò dúró lórí àwọ̀ nìkan, wọ́n yan ìrísí pẹ̀lú. Abólọ́rùn ni èyí tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn. Òpìpì ni èyí tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò pé, tí kò lè fò. Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè wà, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn. Onírùngbọ̀n wà. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú wà, tí àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ bó bá ń rìn. Tó bá jẹ́ pé Yúróòpù ni wọ́n ti rí i, adìẹ aràrá ni wọn yóò kọ ọ́ sí nínú ìwé.

A máa ń sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ fi ẹnu kan sí i. Adìẹ kò ní ihò òógùn lára rárá. Bí oòrùn bá mú un, ẹnu ló ń là, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á sì na apá rẹ̀ kúrò lára. Ìyẹ́ púpọ̀ ń dá ooru dúró sí i lára. Abólọ́rùn ń rí afẹ́fẹ́ gbà ní ọrùn, ó sì ń fara da ooru ju èyí tó wọ ẹ̀wù ìyẹ́ dé etí. Ní ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé àbùdá tó ń bó ọrùn adìẹ. Ní ọdún 2012 ni wọ́n rí èyí tó ń ká ìyẹ́ rẹ̀. Ìyá tó fi abólọ́rùn sílẹ̀ kó máa yé ní ilẹ̀ olóoru kò dúró de ìwádìí yẹn.

Bí adìẹ kékeré ṣe di ọ̀ṣọ́ ní Yúróòpù

Ní erékùṣù Jáfà, ní ilẹ̀ Indonéṣíà òde òní, èbúté kan wà tó ń jẹ́ Banten. Níbẹ̀ ni àwọn atukọ̀ Yúróòpù ti ń ra adìẹ kéékèèké sínú ọkọ̀ wọn. Orúkọ èbúté náà ni Gẹ̀ẹ́sì yí sí bantam, tí wọ́n fi ń pe gbogbo adìẹ kékeré títí dòní. Faransé ní tirẹ̀ ń pè é ní poule naine, adìẹ aràrá.

Ọlọ́lá kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sir John Sebright, tí wọ́n bí ní ọdún 1767, tó sì kú ní 1846. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń da adìẹ kéékèèké pọ̀ mọ́ra wọn, tó ń yọ èyí tí kò wù ú, títí ó fi rí èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ wúrà tàbí fàdákà, tí ilà dúdú tín-ín-rín sì yí etí rẹ̀ ká, bí aṣọ tí a ṣẹ́ létí. Ní ọdún 1809 ó tẹ ìwé kékeré kan lórí bí a ti ń tún ìran ẹran ọ̀sìn ṣe, Charles Darwin sì wà lára àwọn tó kà á. Ní ọdún 1845, wọ́n ṣe ìpàtẹ adìẹ ní ọgbà ẹranko ìlú London. Òfin ọdún 1835 àti ti 1849 ti fi òpin sí ìjà àkùkọ lójú gbangba. Ẹni tó fẹ́ fi àkùkọ rẹ̀ díje, ó kù kó fi ẹwà díje. Ní ọdún 1865 wọ́n tẹ ìwé ìlànà àkọ́kọ́, tó sọ àwọ̀ tó tọ́ fún ìran adìẹ kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe ọgbọ́n ni Sebright fi ju ìyá àgbà wa lọ. Sebright yà àwọ̀ kan sọ́tọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó fún un lórúkọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá wa fi gbogbo àwọ̀ sínú àgbàlá kan, kò sì kọ nǹkan kan. Ti Sebright, igba ọdún lẹ́yìn rẹ̀, a ṣì lè fi owó rà á. Ti ìyá wa, "adìẹ ìbílẹ̀" ni gbogbo orúkọ tó ní nínú ìwé.

Adìẹ aláwọ̀ eérú àti ọ̀pẹ Pobè

Darwin fúnra rẹ̀ gbé àkùkọ dúdú ti Sípéènì pọ̀ mọ́ agbébọ̀ funfun onííyẹ́ òwú. Nínú àwọn ọmọ wọn, àkùkọ kan dàgbà, ó sì di pupa bíi ti ẹyẹ igbó. Ó kọ èyí sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1868, ó sì fi ṣe ẹ̀rí pé baba ńlá kan náà ni gbogbo adìẹ ní.

Lọ́dọ̀ wa, bí dúdú àti funfun bá bí pupa, àkùkọ ilé kejì la máa ń fi ẹ̀sùn kàn. Nígbà mìíràn, òun ni lóòótọ́, nítorí agbébọ̀ lè tọ́jú omi àkùkọ sára fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹyin rẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni náà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọwọ́ àkùkọ ilé kejì mọ́. Funfun kan wà tó jẹ́ aṣọ lásán: ó bo àwọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀. Agbébọ̀ náà funfun lójú, ṣùgbọ́n ó gbé pupa tàbí dúdú tàbí ilà sínú, ó sì lè fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ìtumọ̀ kejì nìyí fún òwe àwọn àgbà: adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, kò mọ gbogbo ohun tó gbé sínú.

Òfin tó wà nídìí rẹ̀, Gregor Mendel, àlùfáà kan, ló fi ẹ̀wà rí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1866. Ní ọdún 1902, William Bateson ní Cambridge fi hàn pé òfin náà ń ṣiṣẹ́ lára adìẹ. Ogbe orí adìẹ ló lò, ó sì lo ìka karùn-ún. Ìka karùn-ún ti ìtàn Ifẹ̀ wà lára ohun tí sáyẹ́ǹsì fi kọ́kọ́ mọ bí ọmọ ṣe ń jogún òbí láàárín ẹran.

Àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ìwé ń lò ni adìẹ aláwọ̀ eérú ti Andalusia ní Sípéènì. Ẹ gbé eérú pọ̀ mọ́ eérú: nínú ọmọ mẹ́rin, bó bá ṣe déédéé, ọ̀kan á dúdú, méjì á jẹ́ eérú, ọ̀kan á jẹ́ funfun tó ní ẹ̀kán dúdú. Kò sí bí a ṣe lè yàn án tó, eérú méjì kò ní bí eérú nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ gbé dúdú pọ̀ mọ́ funfun ẹlẹ́kàn-án yẹn: gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ eérú.

Bí èyí bá dà bí àlọ́, àgbẹ̀ ọ̀pẹ ní Adja-Ouèrè mọ̀ ọ́n láìmọ̀. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè. Ọ̀pẹ dura, èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn. Pisifera kò ní èèpo, kì í sì í so dáadáa. Bí a bá pa àwọn méjèèjì pọ̀, tenera la ó rí, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹran rẹ̀ pọ̀, epo rẹ̀ pọ̀. Ní Kóńgò ti àwọn Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọdún 1941, ni wọ́n tẹ àlàyé rẹ̀ jáde. Àgbẹ̀ tó bá ṣa èkùrọ́ lábẹ́ tenera rẹ̀ tó sì gbìn ín, dura àti pisifera á yọ sí i láàárín, oko rẹ̀ á bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ká padà lọ gba irúgbìn ní ibùdó. Òfin tó wà nínú èkùrọ́ yẹn gan-an ló wà nínú ìyẹ́ adìẹ eérú: ọ̀kan, méjì, ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra o, eérú kejì tún wà, tó mọ́ ju ti Andalusia lọ. Ìyẹn ń fara pamọ́ sínú dúdú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí akọ àti abo rẹ̀, eérú nìkan ni wọn yóò máa bí. Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ kò le. Ẹ gbé eérú méjì pọ̀, ẹ sì ka òròmọdìẹ. Bí dúdú bá yọ, ti Andalusia ni.

Àwọ̀ tún lè sọ fún wa èyí tó jẹ́ akọ àti èyí tó jẹ́ abo. Àwọn àbùdá kan wà tí ìyá adìẹ ń fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ nìkan. Ilà funfun àti dúdú wà lára wọn. Ẹ gbé àkùkọ dúdú tí kò ní ilà pọ̀ mọ́ agbébọ̀ onílà. Lọ́jọ́ tí ẹyin bá pa, òròmọdìẹ tó ní àmì funfun lórí, akọ ni. Èyí tí kò ní in, abo ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí oúnjẹ wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Reginald Punnett dá a lábàá pé kí wọ́n fi àwọ̀ ya akọ kúrò lára abo lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n má baà fi ọkà ṣòfò. Ní ọdún 1929, òun àti Michael Pease mú ìran kan jáde ní Cambridge tí àwọ̀ òròmọdìẹ rẹ̀ ń sọ èwo ni abo láìsí àdàlù mìíràn.

Ohun tó ń gba àwọ̀ lọ́wọ́ wa

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó fa ààlà kọjá láàárín wa. Adìẹ kò ka ìwé náà. Adìẹ tó wà ní Pobè àti èyí tó wà ní Ìlaròó, ìran kan ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohun tí ìjọba méjì, èdè òyìnbó méjì àti òfin ọjà méjì bá ṣe, orí agbo adìẹ kan ló ń bọ́ sí. Adìẹ bà lókùn. Ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, àkùkọ òkèèrè dé. Láti ayé àwọn amúnisìn títí di ẹ̀yìn òmìnira, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n pín àkùkọ pupa ńlá bíi Rhode Island Red fún àwọn ará abúlé, wọ́n sì ní kí wọ́n mú àkùkọ ìbílẹ̀ kúrò. Èrò rere ni: ẹran àti ẹyin ni wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkùkọ yẹn kò fara da oòrùn, àrùn àti àìní oúnjẹ abúlé. Àwọn tó yè sì fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun agbo. Lẹ́yìn wọn ni adìẹ ilé-iṣẹ́ dé. ISA Brown, tí wọ́n mú jáde ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1978, wà lára àwọn pupa tó ń yé ẹyin tí a ń jẹ. Ó mọ ẹyin yé, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àdàlù ni bíi tenera: ẹni tó bá gbin ẹyin rẹ̀ kò ní kórè rẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni àrùn tí a mọ̀ sí lúkúlúkú, tí ìwé ń pè ní Newcastle. Wọ́n ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1952 sí 1953. Nígbà ọyẹ́ ló máa ń gba àgbàlá ká. Nínú adìẹ ogójì, mẹ́ta lè kù. Ẹran yóò padà pọ̀, nítorí adìẹ máa ń bí yára. Àwọ̀ kò ní padà bẹ́ẹ̀. Bí onílà kan ṣoṣo tó wà ní abúlé bá kú nínú ọyẹ́ yẹn, adìẹ ọgọ́rùn-ún tí àwọn mẹ́ta tó kù bá bí kò ní ní ilà. Ní oṣù kejì ọdún 2006, wọ́n kọ́kọ́ rí àìsàn adìẹ H5N1 ní Áfíríkà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní Nàìjíríà. Ní ìparí ọdún 2007, ó dé Bẹ̀nẹ̀. Níbi tí irú àrùn yẹn bá wọ̀, pípa ni wọ́n ń pa gbogbo agbo, àti olówó iyebíye àti yẹpẹrẹ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni adìẹ dídì. Ó ń gba èbúté Kútọnu wọlé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá sí Nàìjíríà, níbi tí òfin kò ti fẹ́ ẹ. Kò wọ́n, ó sì yá lórí iná. Ṣùgbọ́n adìẹ dídì kò ní ìyẹ́. Ọmọ tó bá dàgbà sórí rẹ̀ kò ní mọ̀ pé adìẹ ní àwọ̀, kò sì ní mọ orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ ń pè é. Nígbà tí orúkọ bá ti lọ, ta ni yóò yan ohun tí kò lè pè?

Ohun tí àwọn mìíràn ṣe, àti ohun tó kù fún wa

Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, agbègbè kan wà tó ń jẹ́ Bresse. Adìẹ abúlé ni wọ́n ń sìn níbẹ̀: ogbe rẹ̀ pupa, ìyẹ́ rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí aró, bí àsíá ilẹ̀ náà gan-an. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1957, wọ́n ṣe òfin pé adìẹ tí kò bá ti agbègbè náà wá, tí kò sì jẹ́ ìran yẹn, kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ Bresse. Lónìí ó wà lára adìẹ tó wọ́n jù lọ ní Yúróòpù. Àdúgbò kan kọ̀ láti jẹ́ kí adìẹ rẹ̀ di "adìẹ" lásán, ó sì ń jẹun níbẹ̀.

A kò ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Yunifásítì Ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà mú adìẹ ìbílẹ̀, abólọ́rùn àti oníyẹ́ kíká wà lára wọn, ó sì yàn nínú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi rí ìran tó pè ní FUNAAB Alpha. Ní Bẹ̀nẹ̀, Issaka Youssao àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2010 lórí adìẹ ìbílẹ̀ ti ilẹ̀ ọ̀dàn àti ti ilẹ̀ igbó. Wọ́n wo ìrísí wọn, wọ́n sì wo àbùdá wọn. Àwọn onímọ̀ ti ń ka adìẹ wa. Ṣé àwa tó ni ín ni kò ní kà á?

Ohun tí ilé kan lè ṣe kò gba owó púpọ̀. Bí àwọ̀ kan bá ṣọ̀wọ́n nínú àgbàlá, ẹ má ṣe ta àkùkọ rẹ̀ kí ó tó fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń bí, ẹ há a mọ́ ibì kan pẹ̀lú agbébọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá kí ẹ tó máa kó ẹyin wọn pa mọ́ fún ìsàba. Ẹ bá abúlé mìíràn pààrọ̀ àkùkọ, kí bàbá má baà máa gun ọmọ rẹ̀ títí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún adìẹ ní oògùn àjẹsára lúkúlúkú kí ọyẹ́ tó dé. Kí ọmọ ilé tó mọ ìwé kọ sínú ìwé àjákọ kan: bàbá, ìyá, ọjọ́ tí wọ́n pa, àwọ̀ wọn. Ohun tí Sebright fi ṣe ìyàtọ̀ kò ju ilẹ̀kùn kan àti ìwé kan lọ.

Àti orúkọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà, ní ìhà Massè, ní ìhà Kpoulou, ní òdìkejì ààlà: kí lẹ ń pe onílà? Kí lẹ ń pe aláwọ̀ eérú? Kí lẹ ń pe èyí tí ọrùn rẹ̀ wúrà tí ara rẹ̀ dúdú? Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Ìfọ̀nyìn lè má jẹ́ ti Kétu, ti Kétu lè má jẹ́ ti Ẹ̀gbá. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ti gbọ́ ọ, kí àwọn ìyá wọ̀nyí tó lọ.

Ẹyin ló ń di àkùkọ. Ẹyin tí ẹ bá fi sábẹ́ agbébọ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni yóò sọ àwọ̀ tí àwọn ọmọ wa yóò bá nínú àgbàlá.